Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ewúrẹ́ ní àgùntàn? Báwo ló ṣe ń dá nǹkan mọ̀ nínú àwòrán gan-an?

ỌmọÀjàsẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Ìyá mi ń ṣe èlùbọ́ láfún ní Àjàsẹ́-Ìpo. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n máa ń sá a sí, ẹni tó bá sì mọ agbègbè wa mọ̀ pé ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí láfún gbẹ dáadáa. Kí èèyàn tó yíjú padà, wọ́n ti dé, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti su sí i. Èyí tí wọ́n bá su sí, ìyá mi kì í tà á, wọ́n á kó o dànù ni.

Mo wá ní kí n fi fóònù àtijọ́ kan ṣe kámẹ́rà, kí n so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, kó máa wo orí àpáta náà, kí agogo sì máa dún tí ewúrẹ́ bá ti yọ. Mo gba YOLO, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń wá nǹkan nínú àwòrán, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ti fi àkójọ àwòrán COCO kọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣe. Ewúrẹ́ dúdú kan dúró gbagada sáàárín láfún funfun, ó fi ìlà onígun mẹ́rin yí i ká, ó kọ "sheep" sí i lórí, ìdánilójú rẹ̀ 0.61. Ọmọ ewúrẹ́ pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ajá ni. Òbúkọ tó tẹ orí bọ inú bàsíà, kò rí i rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tó ń kọjá lójú títì lọ́hùn-ún, ó mú un kíá, 0.90.

Kí ló mọ̀ nípa ọ̀kadà tí kò mọ̀ nípa ewúrẹ́? Kí ló sì ń ṣe gan-an nígbà tó bá ń wo àwòrán?

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ọmọ mi, o kú làákàyè. Orò ni mo wà, èlùbọ́ lèmi náà ń ṣe, mo mọ ohun tí ojú ìyá rẹ ń rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí láfún ń gbẹ dáadáa, ìgbà náà gan-an ni koríko tán nínú igbó tí gbogbo ẹran wá ń wọ àárín ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ kó yé wa. Mo jókòó tì í.

Olùkọ́Ọ̀fà

Ẹ káàsán, Mọ́mì. ỌmọÀjàsẹ́, o ṣeun tó o gbé e wá síbí.

Ohun tó fa ti ewúrẹ́ kò jìnnà. COCO tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2014, orúkọ nǹkan 80 péré ni wọ́n fi ń kọ́ módẹ́ẹ̀lì (ètò bíi YOLO tó ń kẹ́kọ̀ọ́ látinú àwòrán) níbẹ̀. Ọ̀kadà wà nínú 80 náà, àwòrán rẹ̀ sì pọ̀. Ẹranko tó wà níbẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ: ẹyẹ, ológbò, ajá, ẹṣin, àgùntàn, màlúù, erin, béárì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti àgùnfọn. Ewúrẹ́ kò sí. Ẹ rí i pé àgùnfọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú rí rí wà níbẹ̀, ewúrẹ́ tó ń gba àárín ilé wa kọjá lójoojúmọ́ kò sí.

Orúkọ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, kò lè pè é. Ó dà bí ìdánwò JAMB tí ìdáhùn tòótọ́ kò sí láàárín A sí D: èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ọmọ máa mú. 0.61 tó o rí yẹn kò sọ pé ìdá mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ẹran náà jẹ́ àgùntàn. Ohun tó ń sọ ni pé nínú gbogbo orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, "sheep" ló bá àwòrán náà mu jù. Ti òbúkọ, orí rẹ̀ ti wọ inú bàsíà, kò sí orúkọ kankan tó bá a mu dé ààlà tí wọ́n fi sí i, ló bá dákẹ́.

Kì í ṣe COCO nìkan. Ìdíje ImageNet tó sọ iṣẹ́ yìí di olókìkí, orúkọ 1,000 ni wọ́n fi ń díje. Irú ajá tó wà níbẹ̀ lé ní 100, wọ́n ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Àgbò wà níbẹ̀, ewúrẹ́ igbó orí òkè tí wọ́n ń pè ní ibex náà wà. Ewúrẹ́ ilé kò sí.

AlfaKọ̀ǹpútà

Àsàlámù àlékùm, gbogbo ilé. Olùkọ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú apá kejì ìbéèrè náà, torí ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá sọ pé idán ni.

Kọ̀ǹpútà kì í rí ẹran, kì í rí láfún. Nọ́ńbà ló ń rí. Tí ẹ bá fẹ àwòrán kan lójú títí, ẹ ó rí i pé àwọn àmì kéékèèké onígun mẹ́rin ló para pọ̀ di i, àwọn la ń pè ní píkísẹ́lì. Píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. Kó lè rọrùn, ẹ jẹ́ ká fi ìmọ́lẹ̀ nìkan ṣe é, nọ́ńbà kan fún píkísẹ́lì kan. Ẹ jẹ́ ká ní irun ewúrẹ́ dúdú yẹn jẹ́ 40, láfún tí oòrùn ń ràn sí jẹ́ 220, ibi tí òjìji ẹran bọ́ sí láàárín méjèèjì jẹ́ 130. Etí ara ewúrẹ́ náà, ìyẹn ibi tí ara rẹ̀ ti pàdé láfún, tí ẹ bá gé píkísẹ́lì mẹ́sàn-án níbẹ̀, á rí báyìí:

40 130 220
40 130 220
40 130 220

Módẹ́ẹ̀lì ní tábìlì kékeré tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fíltà. Ọ̀kan rèé:

−1 0 1
−1 0 1
−1 0 1

Ó máa gbé fíltà yìí lé orí píkísẹ́lì mẹ́sàn-án náà, á fi nọ́ńbà ìsàlẹ̀ sọ nọ́ńbà òkè di púpọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan á fún wa ní 220 tí a yọ 40 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 180. Ìlà mẹ́ta, 540. Nọ́ńbà ńlá nìyẹn. Ẹ wá gbé fíltà kan náà lọ sáàárín láfún níbi tí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ 220: òdo ló máa jáde. Láàárín ikùn ewúrẹ́ níbi tí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ 40, òdo náà ni. Ohun tí fíltà yìí ń sọ ni pé "ìlà kan dúró lóòró níbí, òkùnkùn wà lápá òsì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wà lápá ọ̀tún." Fíltà mìíràn á máa wá ìlà tó dùbúlẹ̀, òmíràn á máa wá èyí tó dà ẹ̀gbẹ́, òmíràn á máa wá àwọ̀. Wọ́n á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba orí àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìfo ibì kankan. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní convolution. Ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ ni, ọmọ tó wà ní praímárì lè ṣe é. Pípọ̀ tó pọ̀ ló jẹ́ ká nílò ẹ̀rọ.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Alfa, Ọlọ́run á máa fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ yín. Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò náà, 540 ló jáde lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n àpò èlùbọ́ náà ní etí. Bàsíà ní etí, adìẹ ní etí. Báwo ló ṣe wá di ewúrẹ́? Àwa nílé, tí a bá rí ẹran lókèèrè tí a kò mọ èyí tó jẹ́, ìrù la máa ń wò. Ìrù ewúrẹ́ á nà sókè, ti àgùntàn á rọ̀ wálẹ̀. Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ ìrù?

Olùkọ́Ọ̀fà

Mọ́mì, ibi tí ẹ fọwọ́ bà yẹn gan-an ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Tẹ́lẹ̀ rí, èèyàn ló máa ń jókòó ronú ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ máa wò. David Lowe ṣe SIFT, ọ̀nà láti máa wá àmì tó dá yàtọ̀ nínú àwòrán, lọ́dún 1999. Viola àti Jones ṣe tiwọn fún ojú èèyàn lọ́dún 2001, Dalal àti Triggs náà ṣe HOG lọ́dún 2005 láti máa fi wá èèyàn nínú àwòrán. Ọpọlọ èèyàn ló yan àbùdá tí ẹ̀rọ á máa wá. Ó ṣiṣẹ́ dé àyè kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí òun kọ òfin sílẹ̀ nípa ewúrẹ́, yálà ó dúró, ó dùbúlẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa tàbí ó wà lẹ́yìn igi, òfin náà kò ní tán.

Lóde òní, àwọn nọ́ńbà inú fíltà tí Alfa fi hàn wá yẹn, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń rí wọn. Nọ́ńbà tí kò nítumọ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi àwòrán kan hàn án, á méfò, wọ́n á fi èfò rẹ̀ wé orúkọ tí èèyàn ti lẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Tó bá ṣì í, wọ́n á ṣírò ipa tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kó nínú àṣìṣe náà, wọ́n á sì sún un díẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, sí apá ibi tí àṣìṣe á ti dín kù. Lẹ́yìn náà àwòrán mìíràn, títí lọ. Rumelhart, Hinton àti Williams ló sọ ọ̀nà ìṣirò yìí di mímọ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 1986.

Fíltà kì í dúró ní ìpele kan. Ohun tó bá jáde ní ìpele kìíní ni ìpele kejì á gbà. Ìpele kìíní á rí etí nǹkan àti àwọ̀. Ìpele tó tẹ̀ lé e á so etí méjì pọ̀ di igun, tàbí ìlà tó tẹ̀, tàbí bí irun ṣe tò. Bó ṣe ń lọ sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tó jọ ojú, etí ẹran, ẹsẹ̀. Ìpele tó kẹ́yìn á ka gbogbo ẹ̀rí yìí, á sì fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní iye. Ara ẹran náà ló kọ́kọ́ mú ìmọ̀ràn yìí wá: Hubel àti Wiesel wo ọpọlọ ológbò láti 1959, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ́ pé ìlà tó bá dúró lọ́nà kan pàtó nìkan ló ń ta wọ́n jí. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 1981. Fukushima ní Japan ṣe Neocognitron, ètò onípele irú èyí, lọ́dún 1980, Yann LeCun sì fi ìlànà ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ ẹ̀rọ láti máa ka nọ́ńbà tí èèyàn fọwọ́ kọ sára lẹ́tà lọ́dún 1989.

Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ayé tó gbà. Ohun méjì ló kù: àwòrán tó pọ̀ àti ẹ̀rọ tó lágbára. Fei-Fei Li àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ImageNet jáde lọ́dún 2009, ó sì di àwòrán tó lé ní 14 mílíọ̀nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jókòó lẹ orúkọ mọ́ wọn. Ní 2012, Krizhevsky, Sutskever àti Hinton mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì (ìpele fíltà tó tò léra) tí nọ́ńbà inú rẹ̀ tó 60 mílíọ̀nù wá sí ìdíje. Káàdì géèmù méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, pẹ̀lú àwòrán bíi 1.2 mílíọ̀nù. Àṣìṣe wọn jẹ́ 15.3%, ẹni tó ṣe ipò kejì wà ní 26.2%. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn ti yà sí ọ̀nà yẹn.

Ẹ wá gbọ́ ìdáhùn yín, Mọ́mì. Tí wíwo ìrù bá máa dín àṣìṣe rẹ̀ kù, á kọ́ láti máa wo ìrù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọn kò bá fi ewúrẹ́ àti àgùntàn hàn án rí gẹ́gẹ́ bí nǹkan méjì tó yàtọ̀, kí ló máa fi ìrù ṣe?

BàbáOlóko

Mo kí gbogbo yín láti Ọ̀mù-Àrán. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọmọ kan tó mú pàṣán lọ́wọ́ tó jókòó sábẹ́ igi tó iṣẹ́ yìí ṣe, kò sì nílò iná NEPA. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rọ tí kò mọ̀ pé ewúrẹ́ ń jẹun, tí kò mọ̀ pé ó ń bímọ, tí kò gbọ́ òórùn òbúkọ rí, ẹ ní ó ń "dá ewúrẹ́ mọ̀". Ìmọ̀ wo nìyẹn?

ỌmọÀjàsẹ́

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Tí ọmọ bá wà nílé, pàṣán tó. Ṣùgbọ́n aago mẹ́jọ sí aago méjì tí oòrùn mú jù, tí láfún ń gbẹ, ilé ìwé làwọn ọmọ wà, n kò sì fẹ́ kí àbúrò mi kan dúró sílé torí ewúrẹ́. Ìyá mi nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà ló ń bó ẹ̀gẹ́, òun ló ń rẹ ẹ́, òun ló ń lọ sọ́jà. Ti iná, sólà kékeré tó ń fún fóònù níná wà nílé.

ÀǹtíTánkẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Bàbá, mo fara mọ́ yín púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ yẹn, ohun tí mò ń ṣe ìwádìí lé lórí gan-an sì nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ewúrẹ́. Ohun tó máa ń bá orúkọ náà rìn nínú àwòrán tí wọ́n fi hàn án ló mọ̀. Ohun tó ń bá a rìn yẹn lè jẹ́ ara ẹran náà, ó sì lè jẹ́ ilẹ̀ tí ẹran náà dúró lé.

Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Washington l'Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ módẹ́ẹ̀lì kan pẹ̀lú àwòrán ìkookò tí yìnyín wà lẹ́yìn gbogbo wọn, àti àwòrán ajá husky tí yìnyín kò sí lẹ́yìn wọn. Nígbà tí wọ́n wá gbé ajá tó dúró nínú yìnyín síwájú rẹ̀, ó ní ìkookò ni. Wọ́n yẹ ibi tó ń wò wò: yìnyín ni. Lọ́dún 2019, Robert Geirhos àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tübingen ní Jámánì mú àwòrán ológbò, wọ́n fi awọ erin bò ó. Ológbò ni èèyàn rí. Módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ImageNet kọ́ ní erin ni, torí bí ara ṣe rí ló ń wò ju ìrísí gbogbo ara lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí wá sílé. Orí Flickr, ibi tí àwọn èèyàn ń kó fọ́tò wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti kó àwòrán COCO. Àgùntàn tó kún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ti ilẹ̀ òyìnbó, onírun kíki tí wọ́n ń rẹ́, tó ń jẹ koríko tútù lórí pápá. Àgùntàn kúkúrú tiwa kò ní irun bẹ́ẹ̀, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara bíi ti ewúrẹ́. Nítorí náà, ỌmọÀjàsẹ́, kì í ṣe ewúrẹ́ nìkan ni ìṣòro rẹ. Gbé àgùntàn ìyá rẹ síwájú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó pe òun náà ní ajá. Àwọn olùwádìí Google wo ibi tí àwòrán ImageNet ti wá lọ́dún 2017: bíi 45% ló ti Amẹ́ríkà wá, ti Íńdíà jẹ́ nǹkan bíi 2%, ti Ṣáínà nǹkan bíi 1%, pẹ̀lú bí èèyàn ṣe pọ̀ tó lórílẹ̀-èdè méjèèjì yẹn. Ẹ fojú inú wo Kwara.

Ó ń dùn mí torí pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá yà, tí a sì lẹ orúkọ mọ́, lòun náà á rí. Fóònù ló kúnnú ilé yìí.

ỌmọÀjàsẹ́

Àǹtí, ẹ ṣeun. Kí ni kí n ṣe báyìí? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewúrẹ́ nìkan ni? Ṣé láptọ́ọ̀pù mi lè gbà á?

AlfaKọ̀ǹpútà

Kó o tó ya ẹyọ kan, lọ gbé kámẹ́rà yẹn súnmọ́ àpáta. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Àwọn módẹ́ẹ̀lì àtijọ́ bíi R-CNN ọdún 2014 máa ń gé àwòrán sí nǹkan bí 2,000 ibi tí wọ́n fura sí, wọ́n á wá yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ó ń pẹ́. YOLO tí Joseph Redmon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2015 wo gbogbo àwòrán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ti àkọ́kọ́ pín in sí 7 lọ́nà 7, ibi kọ̀ọ̀kan á sọ ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe tóbi tó. Ìdí nìyẹn tó fi yá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó wò ó rárá, ó máa ń fún àwòrán pọ̀. Tí kámẹ́rà rẹ bá ya 1920 lọ́nà 1080, tí módẹ́ẹ̀lì sì ń gba 640, gbogbo nǹkan ti kéré ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọmọ ewúrẹ́ tó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 60 níbi jíjìn á di 20. Kí ni ìrù fẹ̀ tó nínú 20? Píkísẹ́lì kan tàbí méjì. Kò sí ẹ̀kọ́ tó lè gba ìyẹn là.

Gbé e ga díẹ̀, kí ó máa wò wálẹ̀, kí oòrùn má sì wọ ojú rẹ̀.

ÀǹtíTánkẹ̀

Ohun tí Alfa sọ yẹn ni kó o kọ́kọ́ ṣe lóòótọ́.

Ní ti àwòrán: má bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Módẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́wọ́ rẹ ti mọ etí, ó ti mọ irun, ó ti mọ ẹsẹ̀ mẹ́rin. Jẹ́ kí àwọn ìpele ìsàlẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà, kó o kọ́ àwọn ti òkè ní orúkọ tuntun. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwòrán bíi 300 sí 500 tó yàtọ̀ síra ṣe é bẹ̀rẹ̀, ó sì dára ju 5,000 tó jọra lọ. Àkójọ àwòrán Open Images ti Google ní "Goat", ní "Sheep" lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, o lè mú díẹ̀ níbẹ̀ fi kún tìẹ. Lo CVAT, ètò tí wọ́n fi ń lẹ orúkọ mọ́ àwòrán, láti fi ìlà yí wọn ká, ọ̀fẹ́ ni. Ìlà náà gbọ́dọ̀ gba ìrù àti ẹsẹ̀, má sì jẹ́ kó gba òjìji. Ní ìrọ̀lẹ́, òjìji ewúrẹ́ máa ń gùn ju ewúrẹ́ lọ. Tó o bá ń kó o mọ́ ọn, á kọ́ òjìji.

Ya ewúrẹ́, ya àgùntàn, kó o sì ya ohun tí kì í ṣe ẹran: àpáta òfìfo, bàsíà dúdú, adìẹ, ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Wọn kò nílò orúkọ. Ohun tí wọ́n wà fún ni kó mọ̀ pé kò yẹ kó pariwo níbẹ̀.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ni ìgbà. Wọ́n á ya gbogbo àwòrán lóṣù kẹsàn-án nígbà tí gbogbo ilẹ̀ ṣì tutù, wọ́n á wá gbé e lọ ṣiṣẹ́ nígbà ọyẹ́. Ọyẹ́ á ti sọ gbogbo nǹkan di eruku, funfun láfún á ti rẹ̀, dúdú ewúrẹ́ náà á ti rẹ̀. 40 àti 220 tí Alfa sọ lè di 95 àti 170. Módẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọyẹ́ rí á kàn máa wò ni. Ọyẹ́ sì ni ìgbà tí láfún ń gbẹ jù. Nítorí náà, ya ti òjò, ya ti ọyẹ́, ya ti àárọ̀, ya ti ọ̀sán.

Má sì fi àwòrán tó o fi kọ́ ọ dán an wò. Tó o bá gé fídíò kan sí wẹ́wẹ́, tó o fi ìdajì kọ́ ọ, tó o fi ìdajì dán an wò, ewúrẹ́ kan náà lórí àpáta kan náà ló wà lápá méjèèjì. Á gba 98%, inú rẹ á dùn, á wá já ẹ kulẹ̀ lọ́la. Fi ti Àjàsẹ́ kọ́ ọ, kó o fi ti Orò tàbí ti Ìgbàjà dán an wò.

ỌmọÈsìẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ní Èsìẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwọn ère òkúta tó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí tàbí apá wọn ti já kí wọ́n tó kó wọn jọ. Ilé náà wà láti 1945, òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ṣé kọ̀ǹpútà lè wo orí kan kó sọ ara tó jẹ́ tirẹ̀?

Olùkọ́Ọ̀fà

Ìbéèrè ńlá ni, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ti ewúrẹ́, à ń béèrè pé "irú kí ni?" Ti ère, ẹ̀ ń béèrè pé "èwo ló bá èwo mu?" Ojú ibi tó ti já ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, bó ṣe ga àti bó ṣe jin, àwòrán iwájú nìkan kò sì lè sọ ìyẹn. Ẹ máa nílò láti ya ère kọ̀ọ̀kan yípo, kí kọ̀ǹpútà lè fi àwọn àwòrán náà mọ ìrísí rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú àṣẹ àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀rọ̀ yẹn lọ́tọ̀, màá dá sí i.

BàbáOlóko

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ti ń yé mi, mo sì dúpẹ́. Ọmọ mi kan ti fi áàpù kan tó ń jẹ́ Nuru wo ewé ẹ̀gẹ́ nínú oko mi, ó sọ àrùn tó wà lára rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé irú kan náà ni? Ọ̀rọ̀ kejì: tó bá ti mọ ewúrẹ́, ṣé á lè mọ ewúrẹ́ ta ni? Torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa já sí. Wọ́n á gbé àwòrán lọ bá baálẹ̀ pé ẹran Lágbájá ló jẹ láfún, kí ó wá sanwó.

ÀǹtíTánkẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, irú kan náà ni. Yunifásítì Penn State l'Amẹ́ríkà àti IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn) pẹ̀lú FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè) ló jọ ṣe Nuru. Ewé tó ní àrùn mósáíkì àti ewé tó lálàáfíà ni wọ́n fi kọ́ ọ, inú fóònù gan-an ni módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń gbé. Ẹ rí i pé àwòrán oko ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí tó fi wúlò nínú oko yín nìyẹn.

Ti ewúrẹ́ ta ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ketekete: rárá, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. Láti sọ pé "ewúrẹ́ ni" rọrùn ju láti sọ pé "ewúrẹ́ Lágbájá ni" lọ fíìfíì. Ewúrẹ́ dúdú mélòó ló wà ní àdúgbò kan? Lára èèyàn gan-an, ẹ̀rọ ti ṣi èèyàn mú. Lọ́dún 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ètò ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, àwọn tó ń wo ojú èèyàn tó sì ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun, àṣìṣe kò kọjá 0.8%. Fún obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó dé 34.7%. Iṣẹ́ tó rọrùn ju mímọ orúkọ ẹni lọ nìyẹn. Ohun tó ń ṣe é lára wa á ṣe é lára ẹran wa. Agogo tó ń lé ẹran, kò sí ẹni tí yóò pa lára. Ẹjọ́ níwájú baálẹ̀, ọ̀rọ̀ àárín àdúgbò nìyẹn.

ỌmọÀjàsẹ́, èyí kan ìwọ náà. Oríṣi àṣìṣe méjì ló wà: kí agogo dún láìsí ẹran, àti kí ẹran dé kí agogo má dún. Tó o bá sọ ààlà ìdánilójú kalẹ̀ sí 0.30, ti àkọ́kọ́ á pọ̀. Tó o bá gbé e sókè sí 0.80, ti ìkejì á pọ̀. Kò sí ibi tí méjèèjì á ti dọ́gba sí òdo. Ìyá rẹ ni kó o bi léèrè èyí tí wọ́n lè fara dà.

ỌmọÀjàsẹ́

Mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí agogo máa dún, bó tilẹ̀ jẹ́ adìẹ ló rí, àwọn á kàn yọjú wò. Láfún tí ewúrẹ́ bá ti su sí ni kò ní àtúnṣe. Nítorí náà màá fi í sí ìsàlẹ̀.

Mo ti gbé kámẹ́rà sórí òpó, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya tiwa. Ti Orò, ti Ìgbàjà, ti Ọ̀mù-Àrán ni mò ń wá báyìí, pàápàá àgùntàn onírun pẹlẹbẹ àti ewúrẹ́ tó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà tí ìrù rẹ̀ hàn. Tí mo bá ti lẹ orúkọ mọ́ wọn tán, màá gbé gbogbo rẹ̀ síbí kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ti Orò ń bọ̀, màá ní kí ọmọ mi fi ránṣẹ́. Àgùntàn aládùúgbò mi méjì wà níbẹ̀, mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń ṣeré lẹ́yìn ẹran nínú ọ̀pọ̀ nínú àwòrán náà. Ṣé kí n fi wọ́n ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

ÀǹtíTánkẹ̀

Rárá o, Mọ́mì. Ẹ gé apá ibi tí ojú àwọn ọmọ wà kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí kò bá ṣeé gé láìgé ẹran náà, ẹ ní kó fi àwọ̀ dúdú bo ojú wọn nínú fóònù. Ẹ tún ní kó pa àmì ibi tí a ti ya àwòrán nínú kámẹ́rà rẹ̀, kó má bàa gbé àdírẹ́sì ilé yín síta. Ẹran nìkan la nílò.